Bí Mo Ṣe Wá Pásítẹ́lì Dé Ìlú Àwọn Tí Kò Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ nà yìí kì í ṣe ẹsẹ̀ lásán o. Ó ti tẹ ibi tí ojú ọ̀run ti ń kun ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u tán báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ lọ tọ̀, kó gbé e lọ. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, àfi ẹni tó bá ń bu ẹmu fún mi.

Èmi ni Ògúnṣakin. Èmi ni ọdẹ tí ẹfọ̀n rí lọ́nà tó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Bí mo bá sín létí odò, ọ̀nì á ní kí àwọn ọmọ òun wá kí mi. Láṣebìkan, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn, o ti ń rẹ́rìn-ín. Máa rín in lọ. Nígbà tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ lọ̀ mí bí ata, a ó wo ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi dénú igbó. Ní ìlú wa Àkùnyà, ọkùnrin ló ń mọ ògiri, obìnrin ló ń kùn ún. Adépèlé ìyàwó mi ló ń kun ògiri ààfin. Ìyá rẹ̀ ló ń kùn ún kó tó kú, ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló sì ń kùn ún ṣáájú ìyẹn. Bí ẹ bá bi Adépèlé pé ta ni òun, kò ní dárúkọ mi. Á na ọwọ́ sí ògiri ni. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri náà rẹwà jù mí lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ni ọmọ Àgùdà kan tó ń jẹ́ Dòmíngò bá dé sí ààfin. Àwọn bàbá rẹ̀ ti òkè òkun padà wá ni. Ó mú àwòrán ẹyẹ kan dání, ó fi han Alákùnyà ọba wa. Yéè! Àwọ̀ ara ẹyẹ náà kì í pariwo. Pupa rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Aró rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí tí kò tíì bọ́jú. Ọba wò ó títí, ó gbàgbé pé òun ń jẹ obì, obì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Dòmíngò, kí lo fi kùn ún?"

"Pásítẹ́lì ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ó ti tán lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní ó pọ̀ ní ìlú kan lẹ́yìn Igbó Elétí."

Bí ọba ṣe pàṣẹ nìyẹn. Ó ní ẹni tó bá fi pásítẹ́lì kun ògiri ààfin kó tó di ọjọ́ ọdún iṣu, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ni ògiri náà láéláé.

Ọlátóún gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Obìnrin tó ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà àtigba ògiri lọ́wọ́ Adépèlé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn èrò ló dúró sí lọ́jọ́ náà, kò gbọ́ pásítẹ́lì. "Pa á sí tẹ́lẹ̀" ló gbọ́. Ó ní, "Ṣé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ? Kí á pa nǹkan sí i tẹ́lẹ̀ ká tó kùn ún?" Ló bá gbé igbá òrí, ó fi pa apá ìsàlẹ̀ ògiri láti òpin dé òpin. Nígbà tí oòrùn mú, ògiri ń dán bí orí apárí. Aláǹgbá tó bá gùn ún á yọ̀ pìì, á fi ìdí balẹ̀, á wá mi orí bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Èmi rẹ́rìn-ín títí. Adépèlé kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́túndé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó kéré tán, Ọlátóún ti ní nǹkan lára ògiri. Èmi ńkọ́? Bí wọ́n bá gba ògiri yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi han ọmọ mi?"

Mo dìde. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo fi fìlà gẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ọdẹ́túndé, lọ wẹ ọwọ́ rẹ dè mí. Pásítẹ́lì, bó bá jẹ́ ẹran, màá yìn ín níbọn. Bó bá jẹ́ ènìyàn, màá bá a ṣàna. Bó bá jẹ́ iwin, ó ti ṣe oríire, torí èmi ló máa rí."

Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìn fún yín. Ẹ̀yin náà lẹ́sẹ̀.

Igbó Elétí! Iwin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, etí ló fi ṣe gbogbo ara. Etí lórí, etí léjìká, etí níkùn, etí ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá ń rìn lọ, ó ń gbọ́ òfófó àwọn èèrà. Kùmọ̀ ọwọ́ rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ.

Ó ké, "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ògúnṣakin ni!"

"Kí lo wá?"

"Pásítẹ́lì!"

"Pa á sí tẹ́lẹ̀?" Ó dìde, ó gbé kùmọ̀. "Ó dáa. Ìwọ nìkan ni mo rí níbí, nítorí náà ìwọ ni màá pa sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn wo ló ń bọ̀ lẹ́yìn wá jẹ ọ́?"

Mo ní, "Rárá o! Kì í ṣe pa ti kùmọ̀!"

"Pa èwo wá ni?"

Ẹ̀yin ará mi, níbi tí ẹlòmíràn á ti máa ké pe ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni ọpọlọ tèmi ti ń mú. Mo rántí Ọlátóún. Mo ní, "Pa ti ká pa òrí sára ni!"

Iwin náà sọ kùmọ̀ sílẹ̀. Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, "Háà. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi nǹkan pa mí lára. Bọ́ síbí. Àwọn etí yìí ń yún mi."

Ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Mo fa ìyẹ́ ẹtù yọ nínú fìlà mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro etí fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi mí iye etí náà. Bí mo ṣe ń ro wọ́n ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ ń já bọ́ láti inú wọn. Ìjà tọkọtaya kan já bọ́, tòun ti àbúkù àwọn àna. Igbe adìyẹ tí àṣá gbé já bọ́. Ohùn ìyá mi àgbà, tó ti kú kí n tó gbé ìbọn, já bọ́ láti inú etí kékeré kan ní orúnkún iwin náà: "Ògúnṣakin, wá jẹun!" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn.

"Ẹ purọ́ níbẹ̀ yẹn, Bàbá," Láṣebìkan wí.

Níbo? Ẹ wò ó, ẹ bi í pé níbo. Ṣé etí tó wà ní orúnkún ni kò gbà ni? Ìwọ tí etí rẹ wà lórí, kí lo ti fi í gbọ́?

Nígbà tí mo parí, iwin náà dìde, ó mi ara rẹ̀ bí ajá tó jáde lódò. Ó ní, "Tún un wí."

"Pásítẹ́lì."

"Pásítẹ́lì! O ò ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀? Ìlú méjì ló ní in, wọ́n sì ń bá ara wọn jà lé e lórí."

"Èwo ló ni ojúlówó?"

"Etí ni mí," ó ní, "èmi kì í ṣe ẹnu." Ó sì yà fún mi lọ́nà.

Ìlú àkọ́kọ́ tí mo dé, ìlú àwọn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tóbi débi pé bí méjì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, wọ́n á kọ́kọ́ ti ara wọn ṣubú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ olórí wọn, Ìyá Gbẹ̀ndẹ̀kẹ, wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìránṣẹ́ fi ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e tẹ̀lé e. Mo kí i, mo ní pásítẹ́lì ni mo wá.

Ó ní, "Àlejò tó mọ ohun tó dára! Ẹ gbé e wá fún un."

Wọ́n gbé nǹkan kan wá nínú àwo. Fúláwà pípò ni, wọ́n ká a mọ́ ẹja àti ata nínú, wọ́n fi ìka tẹ etí rẹ̀ jọ, wọ́n dín in nínú òróró títí ó fi pọ́n. Òórùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ fìlà mi. Ṣùgbọ́n ṣé oúnjẹ ni mo wá ni? Mo gbé ọ̀kan, mo rìn lọ síbi ògiri ààfin wọn, mo fi fa ìlà gbọọrọ. Òróró ṣàn. Ata lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹja já bọ́ sílẹ̀.

Gbogbo ìlú fò dìde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pariwo.

"Ó fi pásítẹ́lì nu ògiri!"

"Ọmọ ta ni?"

"Ìyá wo ló bí irú èyí?"

Ìyá Gbẹ̀ndẹ̀kẹ ń mí gùlegùle. "Ìwọ ọdẹ yìí, ṣé o rí wa bí ẹni tí kò ní kànìnkànìn ni? Ìjìyà rẹ nìyí: wàá jẹ èyí tó bá wà nílùú lónìí tán. Bó bá ṣẹ́kù ìdajì ọ̀kan, inú òróró ni a ó dín ìwọ náà sí, a ó sì tẹ etí rẹ jọ."

Wọ́n kó o jọ, ó ga dé òrùlé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti rí mi níbi iyán. Ẹ ti rí mi níbi ìgbéyàwó àbúrò Láṣebìkan, tí wọ́n ní oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ àwọn àna. Mo tú bàǹtẹ́ sílẹ̀, mo jókòó, mo sì jẹ. Bí mo ti ń jẹ ni mo ń wo àwọn obìnrin tó ń pò ó: wọ́n á da ìyẹ̀fun lé pákó, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á pò ó, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Nígbà tí mo gbé èyí tó kẹ́yìn mì, mo gùfẹ̀, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì ṣí òrùlé ìsọ̀ kan.

Mo ní, "Ṣé kò tún sí?"

Ìyá Gbẹ̀ndẹ̀kẹ fúnra rẹ̀ sin mí dé ẹnubodè. Ó ní, "Ọkùnrin ni ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn olófo tó ń gbé lókè odò yẹn, sọ fún wọn pé àwa la ni orúkọ."

Mo ti kọ́gbọ́n wàyí, àbí? Mo ti mọ̀ pé jíjẹ ni wọ́n ń jẹ pásítẹ́lì. Bí mo ṣe dé ìlú kejì, ìlú àwọn Olójú, mo ti múra sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò lẹ́nu rárá. Abẹ́ imú wọn tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ẹ̀yìn àwo. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣẹ́jú, ohùn á sì jáde lójú wọn. Ọba wọn ní ojú mẹ́rin, nítorí náà ojú kan máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òmíràn lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀," ojú kan wí.

"Kò tíì sọ ohun tó wá," èyí tó tẹ̀lé e wí.

"Pásítẹ́lì ni mo wá, Kábíyèsí."

Wọ́n gbé àwo tánganran kan kalẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀: pupa tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ewé tó rọra ń hù, ìyeyè tó dà bí ọmọ oròmọdìyẹ. Háà! Àwọ̀ ẹyẹ Dòmíngò gan-an! Ṣùgbọ́n ta ló máa tún fìyà jẹ ọdẹ lẹ́ẹ̀kejì lórí ọ̀rọ̀ kan náà? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé àwo náà sórí itan, mo jẹ gbogbo rẹ̀ pátá. Mo tún lá àwo. Ó gbẹ lẹ́nu bí erùpẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń mirí kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n tọ́ mi dáadáa nílé.

Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo náà pọ̀!

"Ó jẹ àwọ̀ òwúrọ̀!"

"Kí la fẹ́ fi kun ojú ọ̀run lọ́la?"

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́," ni "ẹ jọ̀ọ́" náà bá jáde lẹ́nu mi ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, ó fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ imú ọba. Mo ní, "Ẹ má bínú," aró ni ìyẹn, ó bo ojú ọba méjì. Bí mo bá ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ni mo ń kun wọ́n. Àfi ìgbà tí mo fi ọwọ́ di ẹnu.

Ọba nu ojú rẹ̀, ó sọ̀rọ̀, gbogbo ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fẹnu kò, bí wọn ò tilẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ọdẹ, àwọ̀ tó wà lára rẹ dára. Àwọ̀ igi àgbà. A ò ní irú rẹ̀. A ó gbẹ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi kun èèpo igi. Àfi bí o bá lè dáhùn ohun tí à ń bèèrè láti ayé àwọn bàbá wa. Àwa àti àwọn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ń jà lórí orúkọ kan. Àwọn fi ẹnu jẹ tiwọn. Àwa fi ojú jẹ tiwa. Wọ́n ní àwa la jí i, a ní àwọn ni. Ta ni ìyá tó bí méjèèjì?"

Láṣebìkan, rẹ́rìn-ín nísinsìnyí. O dákẹ́? Ó dáa.

Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ ọlọ, wọ́n sì ń wo ìgbáròkó mi bíi pé kò ní gba ojú ọlọ. Lẹ́bàá ọlọ náà ni obìnrin kan wà tó ń ṣe òmíràn dípò èyí tí mo jẹ. Ó da ìyẹ̀fun pupa lé pákó. Ó wọ́n omi tó ń fà sí i. Ó pò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Orí mi wú! Mo ti rí ọwọ́ yẹn rí. Ọwọ́ yẹn gan-an ni mo rí lọ́dọ̀ àwọn Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́, fúláwà ló kàn wà níbẹ̀ dípò àwọ̀.

Mo yọ ọwọ́ lẹ́nu. Mo ní, "Pípò ni ìyá yín! Wọ́n pò ó fún ẹnu, ó di oúnjẹ. Wọ́n pò ó fún ojú, ó di àwọ̀. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan ẹnì kankan. Ọmọ ìyá ni yín, ẹ kàn ń jà bí ọmọ ìyá ni!"

Ọ̀rọ̀ náà jáde pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ tó kù nínú mi, ó fẹ̀ lọ sókè, ó sì tẹ́ sí ojú ọ̀run. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọn dúró síbẹ̀ rèterète. Mo san án padà látẹnu, kò sì sí ọdẹ tó ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ lọ bèèrè.

Ọba Olójú sọ mí sílẹ̀. Ó ní kí n wá gbé díẹ̀ dání. Ojú kejì ní, "Èwo? Ṣebí ó ti jẹ tirẹ̀." Ojú kejì yẹn ló borí. Àpò mi ṣófo nígbà tí mo dé ilé.

Adépèlé ti wẹ ọwọ́ dè mí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ó dà?"

"Mo rí i."

"Ó dà?"

"Mo jẹ ẹ́."

Kò pariwo. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́túndé, ẹ jẹ ògiri ìyá mi."

Ẹ̀yin ará, kùmọ̀ Elétí kò bá mi, ọ̀rọ̀ yẹn bá mi. Mo kàn wọ ilé ìdáná, mo bu ẹ̀lùbọ́ lé pákó, mo wọ́n omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án bí àwọn obìnrin méjèèjì ṣe ń ṣe. Mo pò ó, mo yí i. Ọwọ́ ọdẹ ni, ó rí wúruwùru. Adépèlé wò mí, ó wò mí.

Ó ní, "Ṣé bí a ṣe ń yí kókóró náà nìyẹn?"

"Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀!"

"Kẹ́ ẹ tó dín in?"

"Wọn kì í dín ti ojú. Oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́."

"Kúrò níbẹ̀," ó wí fún mi. Kò tilẹ̀ rántí sọ "ẹ" mọ́.

Ó lọ osùn. Ó lọ ẹ̀lú. Ó lọ amọ̀ pupa, ó lọ èédú. Àkọ́kọ́ tó pò, omi rẹ̀ pọ̀, ó di ẹ̀kọ. Èyí tó tẹ̀lé e gbẹ jù, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ó pa omikan ògì tó fi ń pò ó tì, ó fi omi gbágùúdá tó ń fà sí i, ó tún un pò. Pupa ń pariwo. Ó bu ẹfun sí i, pupa rọlẹ̀. Ó tún bu sí i, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní, "Adépèlé! Òun nìyẹn!" Ó ní mo ń dí òun ní oòrùn.

Nígbà tí ọjọ́ ọdún iṣu pé, gbogbo Àkùnyà dúró síwájú ààfin. Lókè ibi tí òrí Ọlátóún ò dé, Adépèlé ti ya ẹyẹ, ó ya ewé, ó ya ojú ọ̀run láàárọ̀, àwọ̀ wọn rọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń jí nínú oorun dídùn. Àwọn àgbà obìnrin ń kí i lóríkì ìyá rẹ̀. Dòmíngò fi ìka kan ògiri, ó wo ìka náà, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Pásítẹ́lì ni."

Ọlátóún já síwájú. "Irọ́ ni, Kábíyèsí! Kókóró erùpẹ̀ ni! Mo rí i tó ń yí i nílé ìdáná. Oúnjẹ ló fi kun ààfin. Ẹ tọ́ ọ wò bí mo bá ń purọ́!"

Èmi tí ẹfọ̀n ń sá fún, mo sá sẹ́yìn Adépèlé. Alákùnyà dìde, ó ṣí ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lójú, ó yọ ahọ́n, ó lá ìyẹ́ ẹyẹ náà gbọọrọ. Ó dúró. Ó ń rò ó lẹ́nu. Ó tutọ́ sílẹ̀, aró ni itọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Kò dùn."

Ọlátóún pòṣé.

Ọba ní, "Bó ṣe burú lẹ́nu tó yìí, kò lè jẹ́ oúnjẹ láéláé. Ojú ló ni ín. Adépèlé, ìwọ lo ni ògiri. Àwọn ọmọ rẹ ló ni ín. Ẹni tó bá tún fi òrí kàn án, òun ló máa fi ahọ́n nù ún kúrò."

Adépèlé kò jó, kò sunkún. Ó lọ fi èjìká ti ògiri náà, ó sì wo gbogbo wa bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Àwọ̀ òwúrọ̀ lẹ̀ mọ́ èjìká aṣọ rẹ̀, kò sì fọ̀ ọ́ kúrò títí dòní. Dòmíngò bi í pé ṣé yóò máa pè é ní pásítẹ́lì. Ó ní rárá, òun ò lọ òkè òkun. Ó ní àpòyí lorúkọ rẹ̀, torí òun pò ó, òun sì yí i.

Ẹ̀ẹ́n, bí ẹ bá rí àwọn àlejò tí àpò wọn ṣófo lẹ́nubodè Àkùnyà, tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ họ igbó kọjá láti ìlú tí a ò mọ̀, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Èmi ni ọba fi ṣọ́ ẹnubodè. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ìlú yín ló ni àpòyí." Èmi á gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Màá wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Màá wá ní:

"Ti ẹnu ni, àbí ti ojú?"

Ẹ dìde, ẹ máa lọ. Láṣebìkan, ìwọ dúró, ẹmu ti tán ní igbá mi.